LẸ́TÀ MÉJÌ LÁTI ỌWỌ́ ỌKÙNRIN KAN

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yìí lóṣooṣù, ìbéèrè kan wà tí ó ti ń yí nínú ọkàn wa láti ìgbà díẹ̀ wá, ó sì tọ́ kí a gbé e síwájú yín. Ìbéèrè náà nìyí: Nígbà tí ọkùnrin kan bá tan obìnrin méjì jẹ, tí àṣírí sì tú, tí gbogbo àdúgbò sì bú sí ẹ̀rín, ta ni à ń fi rẹ́rìn-ín? Ṣé ọkùnrin tí ó tan ni ni, tàbí àwọn obìnrin tí a tàn? Nígbà tí a bá sì ti mọ ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ ẹ̀rín náà yẹ ẹnu Kristẹni?

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, nítorí ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ti rí i pé ẹ̀rín a máa lé ẹlòmíràn kúrò nínú ilé Ọlọ́run. A sì ti rí i pé ẹ̀rín kan náà, bí a bá darí rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, a máa dá ẹlẹ́tàn lẹ́kun ju pàṣán lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí a sì fi ìtàn méjì ṣe fìtílà sí i. Eré apanilẹ́rìn-ín ni ìtàn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n a máa fara pamọ́ sínú àwàdà nígbà púpọ̀.

Ìtàn kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ William Shakespeare, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti làágùn lórí ìwé rẹ̀ nígbà ìdánwò. Ọ̀kan nínú àwọn eré rẹ̀ ni The Merry Wives of Windsor, èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1602. Windsor jẹ́ ìlú kan lẹ́bàá odò Thames, níbi tí ààfin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì wà títí di òní. Nínú eré náà, ọlọ́lá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sir John Falstaff. Ó ti dàgbà, ikùn rẹ̀ tóbi bí àgbá, ó fẹ́ràn ọtí púpọ̀, owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé-èrò tí ó wọ̀ sí. Kí ni ó rò pé òun yóò ṣe? Ó kíyèsí àwọn obìnrin ilé méjì kan ní ìlú náà, Ìyáàfin Ford àti Ìyáàfin Page. Ọkọ wọn lówó, a sì sọ fún un pé ọwọ́ àwọn ìyàwó ni àpò owó wà. Nítorí náà ó jókòó, ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọ̀kan. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó kọ òmíràn sí èkejì. Ìfẹ́ owó ni ó wà nínú lẹ́tà náà, kì í ṣe ìfẹ́ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni ẹlẹ́tàn yìí. Kò lè ronú kan ọ̀rọ̀ titun fún obìnrin kejì. Ohun tí ó kọ sínú lẹ́tà kìíní ni ó dà kọ sínú èkejì. Orúkọ nìkan ni ó yí padà. Kò fi í sọ́kàn pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyáàfin Ford gbé lẹ́tà tirẹ̀, ó lọ fi han Ìyáàfin Page. Òun náà sì fa tirẹ̀ yọ. Wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyáàfin Page tilẹ̀ rò pé ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ sílẹ̀, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn. Ẹ wò bí ayé kò ti yí padà tó. Falstaff ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́tàn ti òní ní fóònù tí ó lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ogún obìnrin kí ó tó ṣẹ́jú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn obìnrin náà kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n jẹ́ kí ó wá sí ilé Ford. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé baálé ilé ń bọ̀, wọ́n kì í mọ́ inú agbọ̀n ńlá kan, wọ́n da aṣọ ẹlẹ́gbin bò ó, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sì gbé e lọ dà sínú ẹrọ̀fọ̀ etí odò Thames. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi aṣọ arúgbó obìnrin kan wọ̀ ọ́, ẹni tí Ford kórìíra bí àjẹ́, Ford sì fi igi lù ú jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọkọ wọn, wọ́n sì pè é wá sábẹ́ igi óákù ńlá kan nínú igbó ní òru. Ó wá pẹ̀lú ìwo lórí bí ẹran igbó. Àwọn ọmọdé tí a múra fún bí iwin yí i ká, wọ́n ń ja á léèékánná, wọ́n sì ń fi iná àbẹ́là jó o lára, títí ó fi ké gbàjarè. Nígbà náà ni gbogbo wọn jáde síta. Ṣùgbọ́n wọn kò lé e lọ bí ajá. Wọ́n pè é sí ilé Page, kí ó wá jẹun pẹ̀lú wọn, kí gbogbo wọn sì jọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín lẹ́bàá iná.

Òǹkàwé wa tí ó fẹ́ràn òtítọ́ lè bi wá pé, “Ṣé ẹ ń yin àwọn tí ó fi irọ́ wo àrùn irọ́ ni?” Ìbéèrè náà tọ́, a kì yóò sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru kan náà lábẹ́ igi nì. Page àti aya rẹ̀ ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Anne. Bàbá fẹ́ fi í fún ọmọ olówó kan ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá fẹ́ fi í fún oníṣègùn kan ní ìkọ̀kọ̀. Bàbá ń tan ìyá, ìyá ń tan bàbá. Ní ìkẹyìn ọmọ tan àwọn méjèèjì, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn lọ ṣe ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin tí a wọ̀ ní aṣọ obìnrin ni oníkálukú àwọn ọkọ ìyàwó méjèèjì sì fà lọ́wọ́ lọ. Àwọn tí ó dẹ okùn fún ẹlẹ́tàn bá ara wọn nínú okùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà kì í ṣe agbọ̀n ẹlẹ́gbin ni a ń yìn. Apá tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín ni agbọ̀n náà; ibi tí ọgbọ́n wà ni ìgbà tí obìnrin méjì fi lẹ́tà méjì wé ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fi tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí ìtìjú, kì bá tí sí eré kankan láti fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ fún àwa ọkùnrin. A sọ fún Ford àti Page ní ọjọ́ kan náà pé Falstaff ń lépa aya wọn. Page gbẹ́kẹ̀lé aya rẹ̀, ó sì sùn. Ford fura sí aya rẹ̀ ju ẹlẹ́tàn lọ; ó yí orúkọ padà, ó lọ bá Falstaff, ó sì fún un ní owó kí ó lè dán aya òun wò. Ẹ wo bí owú ti lè sọ ọkọ di ẹni tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún olè! Kí eré tó parí, Ford ní láti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ aya rẹ̀. Bí a bá ń kọ́kọ́ fura sí ẹni tí a fẹ́ tàn, ẹlẹ́tàn ti rí alábàáṣiṣẹ́ láìwá a.

Ìtàn kejì ti ilẹ̀ àwa tìkára wa wá, àwa olùkọ́ sì ní ìpín nínú rẹ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ wa ní Aké ní Abẹ́òkúta, ni ó kọ eré tí ó pè ní The Lion and the Jewel. A ṣe é ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1963. Bárókà ni Baálẹ̀ Ìlújinlẹ̀ nínú eré náà, ẹni ọdún 62 ni, ó ní ìyàwó púpọ̀, ó sì tún fẹ́ fi ọmọge kan tí ń jẹ́ Sídì kún wọn. Sídì kọ̀ ọ́, ó ní arúgbó ni. Nígbà náà ni Bárókà pe Sàdíkù, ìyálé rẹ̀, ó fi ohùn ìbànújẹ́ sọ fún un pé agbára ọkùnrin ti fi òun sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kí ó má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará, bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé gbogbo ilé, ìkìlọ̀ wo ni ó tún yá ju èyí lọ? Sàdíkù jó, ó yọ̀. Sídì sì gbọ́. Ọmọge náà wí pé òun yóò lọ sí ilé Baálẹ̀ bí ẹni tí ó ronúpìwàdà, kí òun lè fi í ṣe ẹlẹ́yà lójúkojú. Ó lọ. Irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àìlera náà. Ẹkún ni Sídì sun padà wá. Nígbà tí eré náà sì parí, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó lọ di ìyàwó Bárókà.

Ìtàn méjèèjì yìí dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Ní Windsor, obìnrin méjì sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n sì là. Ní Ìlújinlẹ̀, obìnrin méjì mọ ọ̀rọ̀ kan náà, ìmọ̀ náà gan-an ni ó sì mú wọn. Kí ni ó mú ìyàtọ̀ wá? A rí ohun méjì. Èkíní ni pé àwọn ti Windsor ní ẹ̀rí méjì lọ́wọ́, wọ́n sì fi ojú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ti Ìlújinlẹ̀ kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu kan lọ, ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹlẹ́tàn fúnra rẹ̀ jáde. Èkejì sì ni ó ń dùn wá jù: àwọn ti Windsor pàdé láti gba ara wọn là, ṣùgbọ́n ayọ̀ ìṣubú ẹlòmíràn ni ó so àwọn ti Ìlújinlẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gàn ni ó mú kí ẹsẹ̀ Sídì yá sí ihò kìnnìún. Ẹ̀rín tí ó bá ṣáájú òtítọ́ rìn, kòtò ni í ṣubú sí.

Àwa olùkọ́ ńkọ́? Olùkọ́ kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Lákúnlé, tí ó fẹ́ Sídì, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ san owó orí, nítorí ó ní àṣà àìlajú ni. Nígbà tí Sídì fi ẹkún padà dé, Lákúnlé ní òun yóò ṣì fẹ́ ẹ. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi rí i pé nísinsìnyí tí Sídì kì í ṣe wúńdíá mọ́, ọ̀rọ̀ owó orí ti kúrò nílẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: obìnrin kan ń sunkún, ọkùnrin tí ó kàwé sì ń ka iye owó tí ó kù sí i lápò. Ǹjẹ́ irú rẹ̀ kò sí láàárín wa?

A ní ohun kan láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìjọ abúlé kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ọkùnrin kan láti ìlú kejì ti ṣe ìlérí ìgbéyàwó fún un, ó ti gba owó tí ó fi ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti dẹ́kun láti máa wá. Àwa ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ dídùn tí ó kún inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu wa. A bi í léèrè bí ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwé ṣe lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Kò fèsì, ó ká ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà kò jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn akọrin mọ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, alábàáṣiṣẹ́ wa kan ní ìjọ kejì mú ìwé kan wá fi hàn wá, tí obìnrin opó kan nínú ìjọ tirẹ̀ fi ẹkún gbé lé e lọ́wọ́. A kò tí ì ka ìlà mẹ́ta tí a fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ dídùn kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó kọ ọ́. Orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà. Bí a bá ti béèrè orúkọ ọkùnrin nì dípò kí a rẹ́rìn-ín, bí a bá sì ti kọ ìlà méjì sí alábàáṣiṣẹ́ wa, owó opó náà ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rín pa á lẹ́nu mọ́, ta ni yóò kọ́ wa?

Nínú ìtàn Sùsánà, tí ó wà nínú àwọn ìwé Àpókírífà, àwọn àgbà méjì pa irọ́ pọ̀ mọ́ obìnrin olódodo kan. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó bi oníkálukú wọn léèrè irú igi tí wọ́n rí obìnrin náà lábẹ́ rẹ̀. Igi tí ọ̀kan dárúkọ yàtọ̀ sí ti èkejì, irọ́ sì fọ́. Àwa rí i pé òfin ńlá kan wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí irọ́ àwọn opurọ́ fọ́, kí a yà wọ́n nípá. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí òtítọ́ àwọn tí a tàn jẹ yọ, kí a mú wọn pàdé. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà láàárín obìnrin kan àti èkejì ni ilé tí ẹlẹ́tàn ń gbé. Ìtìjú ni ó kọ́ ọ fún un; àwa tí ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sì ni a ń bá a tún òrùlé rẹ̀ ṣe.

Ìjọ Ọlọ́run ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Nítorí kí ni a ṣe ń kéde ìgbéyàwó ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta kí a tó so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀? Àpéjọ ńlá tí a ṣe ní Lateran ní ìlú Róòmù ní ọdún 1215 ni ó sọ ìkéde di òfin fún gbogbo ìjọ ìwọ̀-oòrùn, kí ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ lè dópin. Ní ọdún 1753, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún fi ọwọ́ òfin dì í mú, nítorí ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ ti pọ̀ jù ní London. Kí ni ìkéde? Kò ju pé a tẹ́ lẹ́tà sílẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú rẹ̀ nílé lè wí pé, “Èmi náà ní ọ̀kan.” Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, báwo ni a ti ń ka ìkéde náà? Nígbà mìíràn a ń sáré kà á bí ẹni tí ń ka iye owó igbá, àwọn ènìyàn sì ń wá ìwé orin wọn. Ta ni yóò dìde lójú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá mọ̀ pé òun ni a ó fi ṣe àpárá títí di àjọ̀dún ìkórè?

Nítorí náà a fẹ́ bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní, nígbà tí àjèjì bá wá fẹ́ ọmọ ìjọ yín, ẹ kọ̀wé sí ìjọ tí ó ti wá kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, nígbà tí obìnrin bá gbé ẹjọ́ ìlérí tí a dà wá, kí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ jẹ́ nípa ọkùnrin náà, kí a má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ nípa ìwà òmùgọ̀ tirẹ̀. Ẹkẹta, bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá máa báni wí, kí ó bá àwọn méjèèjì wí lórí ìwọ̀n kan. Júdà ti pàṣẹ kí a lọ sun Támárì ní iná, kí Támárì tó fi òǹtẹ̀ àti ọ̀pá Júdà tìkára rẹ̀ hàn án. Nígbà náà ni ó jẹ́wọ́ pé obìnrin náà ṣe olódodo ju òun lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí ó béèrè ọ̀pá ta ni èyí kí wọ́n tó dá iná.

Ní ti ẹ̀rín, àwa kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi Falstaff àti ikùn rẹ̀ nínú agbọ̀n rẹ́rìn-ín tẹ́rùntẹ́rùn. Ẹ̀rín tí ń sọ agbéraga di kékeré, tí ó sì tún gbé àga fún un lẹ́yìn náà kí ó lè jókòó jẹun bí ènìyàn, jẹ́ ẹ̀rín tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan bá dúró ní ẹnu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé tí a ti ká lọ́wọ́, kí a kọ́kọ́ fún un ní àga náà. Bóyá ìwé kejì wà nílé aládùúgbò rẹ̀, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí ó yọ ọ́ jáde.

Kí Olúwa tí kò fi ojú obìnrin etí kànga Samáríà gbolẹ̀ kọ́ wa bí a ti í gbọ́ ọ̀rọ̀. Àmín.